Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín tọ́ Pokémon tuntun yìí wò lọ́jọ́ Tuesday

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. N kì í sábà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni mo máa ń kà á, àmọ́ nǹkan kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí mo wò ó pé kò sẹ́ni tó ń bá àwọn òbí wa sọ ọ́ lédè tó máa yé wọn, àwọn ọmọ nìkan ló ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Lọ́jọ́ Tuesday, ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2016 yìí, wọ́n máa gbé demo géèmù Pokémon Sun àti Pokémon Moon, ìyẹn géèmù kékeré tí èèyàn máa fi tọ́ ọ wò, sórí eShop, ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ilé iṣẹ́ Nintendo, ọ̀fẹ́ ni o, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ẹ̀rọ géèmù Nintendo 3DS tàbí 2DS lọ́wọ́ lè dáńlódù ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Géèmù gangan á wá jáde lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá. Ara mi ò balẹ̀ rárá, mò ń fojú sọ́nà gan-an ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìdùnnú tèmi nìkan ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ bẹ àwọn òbí ni pé kí wọ́n jókòó ti ọmọ wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jọ ṣí demo yìí, kí wọ́n fojú ara wọn rí nǹkan tí wọ́n ti ń gbọ́ nípa ẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, kí wọ́n tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé Pokémon Go tó gbòde kan ní oṣù keje nìkan lẹ gbọ́, tí àwọn èèyàn ń gbé fóònù rìn kiri àdúgbò, èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Èyí ni ojúlówó ẹ̀, ó ti wà láti ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1996 ní Japan, lórí Game Boy, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ayé ìgbà yẹn. Ọmọ kan á jáde nílé, wọ́n á fún un ní ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pokémon, á máa tọ́ ọ, ẹranko yẹn á máa dàgbà, á máa kọ́ ọgbọ́n ìjà, tó bá tó àsìkò á yí padà di ńlá, ọmọ náà á sì máa rí àwọn mìíì mú kún un bó ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì. Satoshi Tajiri tó ronú gbogbo ẹ̀, kòkòrò ló máa ń mú kiri nígbà tó wà lọ́mọdé ní Machida, níbi Tokyo lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó kọ́lé bo àwọn pápá ibẹ̀, ó wá fẹ́ kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń dàgbà láàárín ilé onísìmẹ́ǹtì náà mọ adùn yẹn. Wáyà tí wọ́n fi ń so Game Boy méjì pọ̀ ló ṣí i lójú, ó ń rò ó pé kòkòrò lè gba inú wáyà yẹn rìn láti ẹ̀rọ ọmọ kan lọ sí ti ọmọ kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣe é ní méjì méjì, Red àti Green nígbà yẹn, Sun àti Moon báyìí, torí àwọn kan wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo wọn jọ, àfi kó wá ọ̀rẹ́ tí wọ́n á jọ ṣe pàṣípààrọ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù yìí ni wọ́n kéde demo náà. Nínú fídíò tí wọ́n fi kéde ẹ̀ la ti rí ohun tí àwọn mẹ́ta tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ mú ọ̀kan nínú wọn máa dà tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, Rowlet á di Dartrix, Litten á di Torracat, Popplio á di Brionne. Mo ti wo fídíò yẹn débi pé mo mọ gbogbo ẹ̀ sórí. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ash-Greninja ni mo ti dìde dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Greninja, ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀lọ́ ni, aláwọ̀ búlúù, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ahọ́n ara ẹ̀ ló yọ síta tó fi ṣe ìborùn wé ọrùn. Àwọn ọmọ tó ń wo Ash, ọmọkùnrin inú kátúnnù Pokémon, mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tí wọ́n máa fún wa nínú demo yìí ní nǹkan kan lára tí wọ́n ń pè ní Battle Bond: tó bá ti lè da ẹni tí wọ́n jọ ń jà dùbúlẹ̀, ìfẹ́ tó wà láàárín òun àti ẹni tó tọ́ ọ á ru sókè, ara ẹ̀ á yí padà níbẹ̀, á di Ash-Greninja, Water Shuriken, ohun ìjà olómi tó máa ń jù, á sì tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ló sọ ọ́ di alágbára o, kì í ṣe òògùn. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ó máa bá wa lọ sínú géèmù gangan tó bá jáde ní oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ní àwọn ẹrù kan tí èèyàn bá rí kó nínú demo náà máa bá a lọ. Ẹni tó fara balẹ̀ ṣe demo, kò ṣiṣẹ́ lásán.

Wọ́n ní ìtàn inú demo yìí dá yàtọ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ géèmù gangan ni wọ́n gé síbẹ̀. A máa dé Alola, ilẹ̀ tí ìtàn géèmù yìí ti ń ṣẹlẹ̀, a máa pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kukui (bẹ́ẹ̀ ni o, kóòtù funfun ni ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn wọ̀ láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ká yín lára, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀), a sì máa bá Team Skull wọ̀yá ìjà, àwọn ọmọ ìta tó máa ń dí èèyàn lọ́nà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fẹ́ yìí ti wúlò fún wa jù. $39.99 ni wọ́n máa ta géèmù gangan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2016 yìí, dọ́là kan ti ju ₦400 lọ lọ́jà, ẹ̀yin náà mọ̀, torí náà géèmù kan ṣoṣo ti lé ní ₦16,000 kó tó dọ́wọ́ wa, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ sì rèé, ₦18,000 ni. Ta ló fẹ́ gbé irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀wọ́n gógó yìí fún nǹkan tí kò fojú kàn rí? Mi ò ní dá òbí kankan lẹ́bi tó bá ní rárá. Ìyá tó ń ta gàrí ní Bódìjà pàápàá á jẹ́ kéèyàn bù díẹ̀ sẹ́nu, kó mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan, kó tó wọ̀n ọ́n fún un. Iṣẹ́ tí demo máa ń ṣe nìyẹn, mo sì dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Ká tiẹ̀ ní owó wà, káàdì ńkọ́? Báǹkì tí mò ń lò ti dín iye tí mo lè fi káàdì náírà mi ná nílẹ̀ òkèèrè kù láti ìgbà tí dọ́là ti di ohun àwátì, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tí èèyàn lè yàn lórí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ mi. Àǹtí mi tó wà ní Houston ló máa ń bá mi ra káàdì eShop ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ha ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi á wá kó owó náà fún Màmá wa níbí. Demo ò ní gbogbo wàhálà yẹn nínú. Ọmọ tó wà ní Òṣogbo á rí i gbà lọ́jọ́ kan náà tí ọmọ tó wà ní Tokyo àti London rí i gbà. Ẹ tiẹ̀ wo ti 2014, demo Pokémon Omega Ruby àti Alpha Sapphire, kóòdù ni wọ́n kọ́kọ́ ń pín, ẹni tí kóòdù ò kàn á jókòó máa wo ẹlòmíì, ẹni tó sì rí i gbà ò lè ṣí i ju ìgbà 30 lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí kóòdù, mò ń gbàdúrà kí wọ́n má fi iye ìgbà sí i náà.

Ó wá ku èyí tó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ mi, ìbẹ̀rù àwọn òbí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé wà tí wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ rí Pokémon, wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ ní nǹkan tí kò dáa. Mi ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ilé tí wọ́n ti bẹ̀rù Ọlọ́run ni wọ́n ti tọ́ mi, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń wá. Màmá mi gan-an, lọ́jọ́ tí wọ́n rí Rowlet lórí fóònù mi, wọ́n ní, "Òwìwí kẹ̀? Nínú ilé tèmi?" Mo lóye wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí òwìwí bá bà lé òrùlé lóru, kò sẹ́ni tí oorun tún ń kùn nílé yẹn, ẹyẹ àwọn àgbà ni wọ́n ń pè é. Ẹ sì wá wò ó, nínú mẹ́ta tí wọ́n kó sílẹ̀ pé kí ọmọ mú ọ̀kan, òwìwí ni àkọ́kọ́, ológbò dúdú tó ní ìlà pupa lójú ni èkejì, ẹran inú òkun tó ń fi lẹbẹ́ rìn ni ẹ̀kẹta. Ìyá Yorùbá tó bá kan rí àwòrán yẹn lójijì, tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Àlàyé tí mo ṣe fún Màmá nìyí. Alola tí wọ́n lọ yẹn, Hawaii ni wọ́n wò ṣe é, erékùṣù mẹ́rin ni, Melemele, Akala, Ula'ula àti Poni. Lọ́dọ̀ àwọn ará Hawaii, òwìwí tí wọ́n ń pè ní pueo kì í ṣe ẹyẹ ibi rárá, àwọn ìdílé kan gbà pé baba ńlá wọn ló ń gbé àwọ̀ ẹyẹ yẹn wọ̀ wá ṣọ́ wọn, tó ń kìlọ̀ fún wọn tí ewu bá wà níwájú. Ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún òwìwí nìyẹn, àwa ò sì bu ọlá fún un báyẹn, oníkálukú ló ní bí ilé baba ẹ̀ ṣe rí. Rowlet fúnra ẹ̀, ẹyẹ kékeré roboto ni, ewé ló so mọ́ ọrùn, tó bá ń jà lọ́wọ́ á yí orí ẹ̀ padà pátápátá sẹ́yìn kó lè wo ojú ẹni tó tọ́ ọ, á máa dúró de ohun tó máa ní kó ṣe. Màmá wò ó dáadáa nígbà tí mo fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ràn ẹ̀ o, àmọ́ wọ́n ní, "Ó ń gbọ́ràn ṣá." Ó tó mi.

Mi ò sì ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún òbí kankan. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní alágbára kan tó ń ṣọ́ ọ, Tapu Koko ni ti Melemele, àwọn ará ibẹ̀ sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ máa rí i tó bá yá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọmọ yín sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tiyín lórí ẹ̀, ìgbà tí ẹ bá jọ jókòó síbẹ̀ ló dáa jù, ọmọ á gbọ́ ju kéèyàn kàn gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀ kó lọ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Pokémon tí wọ́n bá lù kì í kú, dídákú ló máa ń dákú, wọ́n á gbé e lọ sí Pokémon Center, nọ́ọ̀sì á tọ́jú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú yẹn náà. Tí ọmọ bá sì pé ọdún 11 ní Alola, á jáde rin ìrìn àjò yípo àwọn erékùṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tí wọ́n ń pè ní captain á dán an wò, lẹ́yìn ìyẹn á wá lọ síwájú kahuna, ìyẹn àgbà erékùṣù náà, òun ló máa fọwọ́ sí i pé ọmọ yìí ti gbọ́n tó kó lè kọjá. Ìdánwò ibẹ̀ ò sì mọ sórí ìjà nìkan, nígbà míì wíwá nǹkan kiri ni. Ọmọdé ò gbọdọ̀ fo àgbà kọjá níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi ibi tí ìyẹn ti tako bí a ṣe ń tọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Primary 5. Pokémon X la jọ ń ṣe, géèmù tó jáde ní 2013. Pokémon oníná ló kọ́kọ́ máa ń kó lọ bá Pokémon olómi jà, wọ́n á lù ú, á sunkún. Nígbà tó yá, ó mú ìwé ìṣirò ẹ̀ tó ti kún, ó fa ìlà sí ẹ̀yìn ẹ̀, ó kọ gbogbo irú Pokémon síbẹ̀, irú 18, iná, omi, ewéko, yìnyín, òkúta àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń kọ èyí tó ń borí èyí lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ò rán an níṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sáré wá bá mi, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó o, Rowlet jẹ́ ewéko, ó tún jẹ́ ẹyẹ, yìnyín ń lu ewéko ní ìlọ́po méjì, ó ń lu ẹyẹ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa jẹ́ o!" Ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́. Ọmọ tí tíṣà ẹ̀ ní kò fẹ́ràn ìsọdipúpọ̀ nìyẹn. Popplio lòun máa mú ní tiẹ̀, ó ní torí pé ó máa ń ṣiṣẹ́ kára. Èmi, Rowlet ni, Màmá á fi ọwọ́ bojú títí á fi mọ́ wọn lára.

Fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbà á lọ́jọ́ Tuesday, ẹ jẹ́ kí bátìrì ẹ̀rọ kún lálẹ́ ọjọ́ Monday, torí NEPA ò ṣeé fọkàn tán, kí ẹ sì ti ṣe update ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àyè wà lórí mẹ́mọ̀rì káàdì ẹ̀. Ẹ lo dátà òru tẹ́ ẹ bá ní, òun ló máa dẹ̀ yín lọ́rùn jù. Ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì náà fúnra yín, kẹ́ ẹ má fi sílẹ̀ fọ́mọ, ẹ̀rọ yẹn ní Parental Controls nínú, ẹ fi PIN yín sí i. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti ra 3DS tòkunbọ̀ nítorí èyí, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á pé ìlú wo ló ti wá, ẹ jẹ́ kó tàn án fún yín kẹ́ ẹ rí i, torí géèmù Amẹ́ríkà ò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Yúróòpù tàbí ti Japan, ti Yúróòpù gan-an ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ni géèmù tiwọn máa jáde, kì í ṣe ọjọ́ 18. Mo ti rí ẹni tó ra géèmù fún ọmọ tí kò wọlé sára ẹ̀rọ ọmọ náà, ó dunni wọra.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ̀yin náà ni ẹ̀bẹ̀ mi kàn báyìí. Sun àti Moon yìí ni Pokémon àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi èdè Ṣáínà ṣe, oríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé wọn méjèèjì, èdè 9 ni gbogbo ẹ̀ báyìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un, wọn ò dákẹ́. Mi ò sọ pé kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá lọ́la o, mo mọ ibi tá a dé. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, èmi ni mo máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ tí mo máa ń sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, nígbà tó bá sì fẹ́ sọ fún Màmá, Yorùbá ló fi ń sọ ọ́, ó ti ń rí ọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹ̀. Àwọn ọmọ bíi tiẹ̀ pọ̀ nílùú. Ẹ̀ ń fún bọ́ọ̀lù ní ojú ewé odidi, ẹ̀ ń fún fíìmù ní tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá igun kékeré kan fún géèmù, ẹ máa sọ èyí tó ń bọ̀, iye tó jẹ́, ọjọ́ orí ọmọ tó yẹ ẹ́, èyí tó lọ́fẹ̀ẹ́ tí òbí lè kọ́kọ́ fi wò. Tí ìyá tó ń tajà ní Gbági bá kà á nínú ìwé ìròyìn yín, á mọ ohun tó máa bi ọmọ ẹ̀, ọmọ náà á sì mọ̀ pé ìyá òun mọ nǹkan tí òun ń ṣe.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kó tó di Tuesday, kí àwọn tó ní ẹ̀rọ nílé lè rí i kà lásìkò. Màmá ti ní àwọn á jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú wa, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń ṣètò ẹni tó máa kọ́kọ́ dì í mú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn